Kíkó skateboard àtijọ́ jọ: ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń béèrè àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó skateboard àtijọ́ jọ (pákó onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń gùn, tá a tún ń pè ní bọ́ọ̀dù) máa ń béèrè, mo wá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan kí ẹni tó bá ń wá ìdáhùn lè rí i kà. Ẹ má retí pé gbogbo ìdáhùn máa gùn dọ́gba o, àwọn ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ibì kan ò sì ju gbólóhùn díẹ̀ lọ.

Ìgbà wo gan-an ni skateboard di ti àtijọ́?

Kò sófin kankan tó sọ ọ́. Ohun táwa tá à ń kó o jọ máa ń ṣe ni pé a máa ń pín in sí ìgbà-ìgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ti àwọn ọdún 1950 títí dé 1965, nígbà táwọn ọmọ tó ń gun ìgbì òkun ní Kalifọ́níà ń tú táyà irin lára bàtà onítáyà, tí wọ́n ń kàn án mọ́ pákó lásán. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Roller Derby bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà, ilé iṣẹ́ Makaha ti Larry Stevenson àti Hobie wá tẹ̀ lé e. Nígbà tó di May 1965, ìwé ìròyìn Life gbé Pat McGee sójú ewé àkọ́kọ́, ó fọwọ́ méjèèjì dúró lórí bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lókè, gbogbo ayé ń wò ó, àmọ́ kí ọdún yẹn tó parí eré náà ti ń kú lọ torí àwọn ìlú kan fòfin dè é, táyà ìgbà yẹn náà sì léwu.

Ìgbà kejì ni ti 1973 sí nǹkan bí 1980, ìyẹn ìgbà táyà rọ́bà. Ìkẹta ni ti àwọn ọdún 1980, bọ́ọ̀dù fífẹ̀ tó ní agbárí àti dírágónì lábẹ́. Ìkẹrin ni ti nǹkan bí 1989 sí 1995, nígbà táwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké gba ọjà mọ́ àwọn ńlá lọ́wọ́. Ohun tó bá ti lé ní ogún ọdún báyìí, àwọn kan ti ń pè é ní ti àtijọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ọ̀nà kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ, owó á tán, yàrá á kún, síbẹ̀ kò ní ní nǹkan kan tó dúró dáadáa. Ẹ lè mú ilé iṣẹ́ kan, ẹ lè mú elére kan, ẹ lè mú ayàwòrán kan, ẹ sì lè sọ pé táyà nìkan lẹ fẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé sítíkà nìkan ni wọ́n ń kó jọ, kò sì séèyàn tó lè fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn nínú ìmọ̀. Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan rárá, ẹ fi oṣù díẹ̀ wo àwòrán èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ wò ó títí ojú yín á fi mọ̀ ọ́n, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ wo òkè, ẹ wo ẹ̀gbẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ làwọn oníjìbìtì kì í rántí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọdún tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù kan?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún yín, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò. Lábẹ́ bọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n ti ń fi bóòtì de truck mọ́lẹ̀ (truck ni irin tó di táyà mú, tó ń jẹ́ kó lè yí), ihò mẹ́rin ló máa ń wà fún truck kọ̀ọ̀kan. Láyé àwọn ọdún 1980, ihò méjì tó tò tẹ̀ léra ní gígùn bọ́ọ̀dù máa ń fi ínṣì méjì àti ààbọ̀ jìnnà síra wọn. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n sún un mọ́ra, ó di nǹkan bí ínṣì méjì àti díẹ̀ (ínṣì 2.125), bó sì ṣe wà títí dòní nìyẹn. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù 1985 lòun ń tà, tí ihò tó wà níbẹ̀ wá jẹ́ ti ìsinsìnyí, ẹ bi í léèrè dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ihò mẹ́fà dípò mẹ́rin ńkọ́? Ó lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ń kúrò lórí ti àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, kí wọ́n lu méjèèjì síbẹ̀ kí oníbàárà lè lo truck tó bá ní, ó sì lè jẹ́ àtúntẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí fún ìdí kan náà. Torí ẹ̀, ihò nìkan ò tó láti dá ẹjọ́.

Lẹ́yìn ihò, ẹ wo ìrísí. Ti àwọn ọdún 1960 kéré, ó rí pẹlẹbẹ, kò sí ìrù tó ká sókè, torí 1969 ni Stevenson mú ìrù kíká yẹn jáde. Àárín àwọn ọdún 1970, bọ́ọ̀dù ò fẹ̀ ju ínṣì mẹ́fà tàbí méje lọ, ó lè jẹ́ igi ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́, bíi ti Logan Earth Ski, ó lè jẹ́ fiberglass bíi Fibreflex ti Gordon & Smith, ó sì lè jẹ́ ike tàbí alumínìọ́mù. Nígbà táwọn elére bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú adágún ìwẹ̀ tí omi ti gbẹ, tí wọ́n sì ń gun ògiri ẹ̀, wọ́n nílò ibi tí ẹsẹ̀ máa dúró sí, ni bọ́ọ̀dù bá ń fẹ̀ sí i, nígbà tó fi máa di 1980 ó ti ń tó ínṣì mẹ́wàá. Láwọn ọdún 1980, ó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́wàá, ó gùn tó ọgbọ̀n ínṣì, imú ẹ̀ kúrú, ìrù ẹ̀ fẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ 1990, imú bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, torí àwọn elére ti ń fi imú fò bí wọ́n ṣe ń fi ìrù fò, tó fi di pé ní 1992 sí 1993 imú àti ìrù ti jọra, bọ́ọ̀dù ti tín-ín-rín, èèyàn ò mọ èwo ni iwájú mọ́.

Ìkẹta, ẹ wo ike tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Láwọn ọdún 1980 wọ́n máa ń fi ọ̀pá ike méjì sábẹ́ bọ́ọ̀dù kó lè yọ̀ lórí kọnkéré, wọ́n á fi ike bo ìrù, wọ́n á fi ike bo imú. Ihò screw kéékèèké tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ike yẹn wà tẹ́lẹ̀. Àmì rere ni ihò wọ̀nyẹn, ẹ má rò pé ó ti bà á jẹ́.

Ìkẹrin, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì, ọdún ẹ̀tọ́ àwòrán. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ni ọdún tí wọ́n yà á, wọ́n lè máa fi àwòrán kan náà tẹ bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́rin márùn-ún lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Táyà ńkọ́? Ṣé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì gan-an, torí táyà ló pa eré yìí, táyà náà ló jí i. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ irin, ó ń pariwo, ó ń gbọn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú èyí tí wọ́n ń pè ní táyà amọ̀ dé, ó rọ̀ díẹ̀ ju irin lọ àmọ́ tó bá ti kọ òkúta kékeré báyìí ó dúró gbọnin, ẹni tó wà lórí ẹ̀ á fò lọ síwájú. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Frank Nasworthy rí táyà urethane (èyí tá à ń pè ní táyà rọ́bà) ní ilé iṣẹ́ kan ní Virginia, ó gbà á wò lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀, ó rí i pé ó ń di ilẹ̀ mú, ó wá ń tà á ní Kalifọ́níà lábẹ́ orúkọ Cadillac Wheels. Ibi tí gbogbo nǹkan ti yí padà nìyẹn. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Road Rider mú táyà tó ní bearing (irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí) tó ti dé pọ̀ wá, kí ìyẹn tó dé, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà nínú táyà, ó sì máa ń já bọ́ sójú títì.

Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀dù àwọn ọdún 1960 tí táyà amọ̀ ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹ má yọ ọ́ kẹ́ ẹ fi rọ́bà sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni truck: àwọn ilé iṣẹ́ bíi Chicago, Bennett, Tracker (tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975) àti Independent (1978) máa ń kọ orúkọ sára ẹ̀. Tí truck bá kéré lọ́jọ́ orí ju bọ́ọ̀dù lọ, ìyẹn ò ní kó jẹ́ ayédèrú, àwọn elére máa ń pààrọ̀ ẹ̀ bó bá ti jẹ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń lé ti àwọn ọdún 1980?

Àwòrán ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, orúkọ ilé iṣẹ́ lásán ló sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Wes Humpston ti ń fọwọ́ yàwòrán sára bọ́ọ̀dù àwọn ọmọ Dogtown (àdúgbò kan ní Kalifọ́níà) láàárín àwọn ọdún 1970, àmọ́ nígbà tí George Powell àti Stacy Peralta dá ilé iṣẹ́ Powell Peralta sílẹ̀ ní 1978, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ àwòrán fún Vernon Courtlandt Johnson, ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Òun ló ya àwòrán bọ́ọ̀dù àwọn elére: agbárí àti idà ti Ray Rodriguez, dírágónì ti Steve Caballero, agbárí àti ejò ti Mike McGill, agbárí ẹyẹ ti Tony Hawk. Ọkùnrin yìí ń fà á bí ẹni ń gbẹ́ igi, ìlà kan ò lé ìlà kejì, mo ti wo dírágónì Caballero láìmọye ìgbà, mo ṣì ń rí ohun tuntun nínú ìpẹ́ ara ẹ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ Santa Cruz, Jim Phillips ni ayàwòrán wọn. Òun ló ya ọwọ́ aláwọ̀ búlúù tó la ẹnu ń kígbe, ní 1985, ó sì ya ti elére Rob Roskopp, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹ̀dá burúkú kan ló yọ láti inú àmì ìfojúsùn, nínú èyí tó tẹ̀ lé e ó ti ń yọ sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ara ẹ̀ fi jáde. Ọmọ tó ra ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró de ìkejì kó tó mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn jọ tò sára ògiri lọ́wọ́ọ̀wọ́, ó ti ní nǹkan gidi.

Ẹ tún fi bọ́ọ̀dù Mark Gonzales ti ilé iṣẹ́ Vision kún un, ti Christian Hosoi tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ ní ìrísí òòlù, ti Natas Kaupas ti ilé iṣẹ́ Santa Monica Airlines, àti ti ilé iṣẹ́ Zorlac tí Pushead yàwòrán fún. Ìdí kejì tí wọ́n fi ń lé wọn ni pé àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn ti dàgbà, wọ́n ti ní owó lọ́wọ́, èyí tí bàbá wọn ò rà fún wọn ni wọ́n ń wá rà fúnra wọn.

Mo gbọ́ pé èyí tó kù díẹ̀ jù ni ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Steve Rocco dá ilé iṣẹ́ World Industries sílẹ̀ ní 1987, Mark Gonzales kúrò ní Vision, ó dá Blind sílẹ̀ lábẹ́ Rocco ní 1989, Marc McKee àti Sean Cliver wá ń ya àwòrán fún wọn. Wọ́n ń fi àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n mú agbárí àti idà Powell, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú àwòrán Blind, àwòrán kan ò sì ní pẹ́ lórí àtẹ kí òmíràn tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ti 1980s, àwòrán kan lè wà lọ́jà fún ọdún púpọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n tẹ̀. Ti World àti Blind, ìwọ̀nba ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Eré náà ti kéré lásìkò yẹn, àwọn tó kù tó ń ṣe é ń ṣe é dójú ikú, wọ́n ń fi bọ́ọ̀dù fò látorí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fi í yọ̀ lórí irin, kò pé oṣù kan ó ti kán, wọ́n jù ú nù. Èyí tó kù tí ẹnikẹ́ni ò gùn rí, iye ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan nínú àwòrán wọ̀nyẹn burú o, òmíràn wà tó jẹ́ pé inú àpò dúdú ni wọ́n fi sí tà, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé irú ẹ̀ kọ́ sí yàrá táwọn ọmọdé ń wọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí àtúntẹ̀ àti ayédèrú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àtúntẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Ilé iṣẹ́ tó ni àwòrán ló padà ṣe é, Powell Peralta ń ṣe é, Santa Cruz ń ṣe é, ó dáa láti gbé kọ́ ògiri, ó dáa láti gùn, kò sì wọ́n. Jìbìtì ni kí ẹnì kan mú àtúntẹ̀, kó fi sáńpépà ha á, kó fi bọ tíì, kó wá pè é ní ti 1986. Ayédèrú ní tiẹ̀ ni èyí tí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan tẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò: àwòrán àtijọ́, wọ́n fi screen (aṣọ àwọ̀n tí ọ̀dà ń gbà kọjá) tẹ̀ ẹ́ ni, àwọ̀ kan lẹ́yìn àwọ̀ kan, tẹ́ ẹ bá fi ìka kàn án jẹ́jẹ́ ẹ ẹ́ mọ̀ pé ọ̀dà wà níbẹ̀, etí àwọ̀ á ga díẹ̀, ibì kan lè má bára mu dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ igi, tó gbòde lẹ́yìn àwọn ọdún 1990, ó dà bí rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n nà bo igi, tí wọ́n bá gùn ún ó máa ń ṣí bíi bébà, tẹ́ ẹ bá sì fi awò amúǹkantóbi wò ó ẹ ẹ́ rí àmì tótòtó. Ṣùgbọ́n àwọn àtúntẹ̀ kan náà wà tí wọ́n fi screen tẹ̀, nítorí náà ẹ tún wo igi. Igi tó ti lo ọgbọ̀n ọdún máa ń ṣú, fánísì ẹ̀ á ti yí sí àwọ̀ oyin, inú ihò bóòtì á ti dúdú. Tí ìta bá ti gbó ṣùgbọ́n tí inú ihò ṣì funfun báláú, ẹnì kan ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà tí ìfàya bá wà káàkiri lọ́nà tó dọ́gba. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n gùn lóòótọ́ máa ń jẹ ní àárín níbi tó ti ń yọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, torí èèyàn ní ẹsẹ̀ tó mọ́ ọn lára, ìrù ẹ̀ á sì ti jẹ títí ó fi mú bí abẹ.

Èyí tí wọ́n ti gùn àti èyí tí wọn ò gùn rí, èwo ló dáa jù?

Lọ́jà, èyí tí wọn ò gùn rí ló máa ń gba owó jù, pàápàá tó bá ṣì wà nínú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi dì í. Èmi ò bá ọjà jiyàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ọkàn mi fẹ́, èyí tí wọ́n gùn ni. Nǹkan tí wọ́n ṣe fún eré, tí eré ti kọ orúkọ sára ẹ̀, gbogbo ibi tó ti ha lábẹ́ ẹ̀ ni ibi tí ẹnì kan ti gbìyànjú nǹkan. Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí Tony Hawk gùn, ti ilé iṣẹ́ Bahne, tó jẹ́ pé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ti gbà á, ó ti wà ní Smithsonian (ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Amẹ́ríkà) báyìí, kò sì séèyàn tó máa wò ó kó ní ó mà ṣe ń fi hàn pé wọ́n ti lò ó.

Ṣé kí n tún un kùn kó lè dà bíi tuntun?

Rárá. Ẹ má kùn ún, ẹ má fi sáńpépà ha á, ẹ má fi fánísì tuntun sí i, ẹ má dí ihò. Iye èyíkéyìí tó ní, ẹ ti mú un kúrò nìyẹn, kò sì ṣeé dá padà. Ohun tá à ń wá lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ti fọwọ́ kàn án láti yí i padà. Ibi tó ti là, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn pákó tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ (méje ló sábà máa ń jẹ́, igi maple) bá ń ya kúrò lára wọn débi pé ó fẹ́ já, ẹ lè fi gúlúù onígi díẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú.

Báwo ni mo ṣe máa nù ún?

Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀, ẹ fún omi ẹ̀ dànù dáadáa, ẹ nù ún, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Bó bá dọ̀tí gan-an, ọṣẹ kékeré tí kò le. Ẹ má fi sípírìtì, tínà, tàbí omi tí wọ́n fi ń nu dígí kàn án, ọ̀dà screen lè bá a lọ. Sítíkà tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́, sítíkà ilé ìtajà kan tó ti kógbá wọlé lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tí bọ́ọ̀dù yẹn ti wá.

Sáńpépà dúdú tó wà lókè ẹ̀ ńkọ́, ṣé kí n ṣí i?

Tí wọ́n bá ti gé e ní ọ̀nà àrà, tàbí tí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ kí àwòrán òkè lè hàn, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà yẹn, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gé tiẹ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni, ẹ lè fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa fà á jẹ́jẹ́, kò gbọ́dọ̀ gbóná jù, ẹ sì máa retí pé òkè igi lè bá a ṣí.

Ibo ni mo ti máa tọ́jú ẹ̀?

Ibi tí oòrùn ò dé, ibi tí ọ̀rinrin ò pọ̀, tí kò sì gbẹ jù. Oòrùn ló ń pa àwòrán jù, pínǹkì àti àwọ̀ ewé títàn ti àwọn ọdún 1980 ló kọ́kọ́ máa ń ṣá. Ẹ má gbé e sínú àjà òkè ilé tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ooru àti òtútù tó ń pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀ máa ń jẹ́ kí igi ká. Ẹ má fi ìrù gbé e dúró ti ògiri fún ọdún gbọọrọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ìkọ́ tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, tó ní rọ́bà tàbí aṣọ, ló dáa, ẹ má lu ihò tuntun. Ní ti ọ̀rá ilé iṣẹ́ tó ṣì wà lára ẹ̀, àríyànjiyàn wà níbẹ̀: àwọn kan ní kó máa wà, èmi ní tèmi, tí mo bá ti rí ọ̀rinrin lábẹ́ ẹ̀ tàbí tó ti ń fún igi, màá gé e, màá sì tọ́jú ọ̀rá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Táyà rọ́bà náà ń gbó. Ó máa ń pọ́n, àwọn kan máa ń le, àwọn kan á máa rún. Kò sí oògùn ẹ̀, ẹ kàn má jẹ́ kí iná àti oòrùn rí i ni.

Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù, kí ni mo tún lè kó jọ?

Ó pọ̀! Ìwé ìròyìn wà: Skateboarder tó kọ́kọ́ jáde ní 1964, tó dáwọ́ dúró ní 1965, tó sì padà ní 1975, Thrasher tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1981, Transworld tó tẹ̀ lé e ní 1983. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ wọn wọ́n, àmọ́ èyí tó jáde lẹ́yìn náà èèyàn lè rí i láìfi owó ńlá rà. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ rà á kódà tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù nìkan lẹ fẹ́ràn, torí ìpolówó ọjà inú ẹ̀ ló máa fi han yín irú àwọ̀ tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù kan àti oṣù tó jáde. Ẹ rí i pé ewé àárín ṣì wà, torí ọmọdé ló ni ín nígbà yẹn, gbogbo wọn ló ń gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Bàtà náà wà. Vans bẹ̀rẹ̀ ní 1966, àwọn elére Dogtown bíi Tony Alva àti Stacy Peralta wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣe Era ní 1976, Half Cab ti Caballero sì jáde ní 1992. Wàhálà bàtà ni pé gúlúù àti rọ́bà ẹ̀ máa ń kú, ẹ má retí láti wọ̀ ọ́. T-shirt ní tiẹ̀, ẹ wo àkọlé ọrùn, ẹ wo okùn etí ẹ̀, ti àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ ìlà okùn kan ṣoṣo. Sítíkà, káńtálọ́ọ̀gù, pósítà ìdíje, ike orúnkún, akoto, fídíò VHS, gbogbo ẹ̀ ló níye. Àwọn nǹkan bébà ni wọ́n máa ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló kù díẹ̀ jù torí wọn ò ṣe é kó pẹ́.

Ṣé ó lè sọ èèyàn di olówó?

Ní January 2019, Sotheby's (ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà gbàǹjo) ta àkójọ bọ́ọ̀dù 248 ti ilé iṣẹ́ Supreme ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin dọ́là ($800,000). Ìròyìn yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sáré wọlé. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ẹnì kan ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wá gbogbo wọn kan ò fi kù, pípé àkójọ yẹn ni wọ́n san owó fún. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo látinú àkójọ náà kò lè fa irú ariwo yẹn. Tó bá jẹ́ torí owó nìkan lẹ fẹ́ fi wọlé, ẹ wá nǹkan mìíràn, torí ọjà yìí ń lọ sókè sódò bí ọkàn àwọn tó ń rà á ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye ohun kan, ẹ wo iye tí wọ́n ti rà á lóòótọ́, ẹ má wo iye tí ẹni tó ń tà á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹnu ò lówó orí.

Kí ni kí n bi ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ ní kó ya ìsàlẹ̀, òkè, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, imú àti ìrù, kó sì sún mọ́ ihò bóòtì. Kó fi rúlà wọn àárín ihò sí ihò, kó ya ìyẹn náà. Ẹ bi í níbi tó ti rí i. Ìdáhùn tó rọrùn ló sábà máa ń jẹ́ òótọ́: ti ẹ̀gbọ́n mi ni, mo rà á nílé ìtajà tó ń kógbá wọlé, mo fi òmíràn pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ń bínú nítorí pé ẹ ní kó tún fọ́tò yà, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá ní elére ló fọwọ́ sí i, ẹ béèrè fọ́tò ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ san owó bọ́ọ̀dù nìkan, ẹ má san owó orúkọ. Àwọn elére tó lókìkí ti fọwọ́ sí ohun tó pọ̀ jọjọ, ìfọwọ́sí lórí àtúntẹ̀ ò lè sọ ọ́ di ti àtijọ́.

Ṣé mo lè gùn ún?

Ẹ gun àtúntẹ̀. Igi tó ti lo ogójì ọdún, gúlúù ẹ̀ ti gbẹ, ó lè kán lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, táyà amọ̀ ò sì ní bojú wò yín rárá.

Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, báwo ni mo ṣe máa dì í?

Ẹ yọ truck àti táyà kúrò, ẹ dì wọ́n lọ́tọ̀, torí irin ló máa ń ha àwòrán lójú ọ̀nà. Ẹ kó àwọn bóòtì ẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, ẹ má fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Ẹ fi bébà tí kò ní ìwé kíkọ lára bo àwòrán kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rá onífóòmù yí i, torí ọ̀rá yẹn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí ooru bá mú un. Imú àti ìrù ni kẹ́ ẹ fi páálí púpọ̀ sí, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan nǹkan bí páálí bá já bọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tì í pa, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ sínú bébà kan, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára ẹ̀, kẹ́ ẹ fi bébà yẹn sínú páálí náà.